Àgbéyẹ̀wò CycleBeads: ìlẹ̀kẹ̀ tí mo fi ń ka nǹkan oṣù mi

Ó pẹ́ tí mo ti ń lo CycleBeads, gbogbo obìnrin tó bá sì rí i lára ìṣó nínú yàrá mi ló máa ń béèrè ohun tó jẹ́. Ìlẹ̀kẹ̀ ike 32 ni, wọ́n sín in pọ̀, òrùka rọ́bà dúdú kékeré kan sì ń rìn lórí rẹ̀. Inú iṣẹ́ ìwádìí Yunifásítì Georgetown ní Amẹ́ríkà ló ti jáde. Nọ́ọ̀sì ìfètò-sọ́mọ-bíbí ló fi hàn mí nígbà tí mo ní abẹ́rẹ́ ìfètò-sọ́mọ-bíbí kò bá mi lára mu.

Ọjọ́ tí ẹ̀jẹ̀ bá kọ́kọ́ yọ, ẹ ó fi òrùka sórí ìlẹ̀kẹ̀ pupa. Ọjọ́ tó yọ o, kì í ṣe ọjọ́ tó dá. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ti máa ń ṣì í kà. Láràárọ̀, ẹ sún òrùka síwájú lẹ́yọ kan. Búráùn mẹ́fà ló tẹ̀ lé pupa, lẹ́yìn náà funfun 12, ìyẹn ọjọ́ 8 sí ọjọ́ 19, kí búráùn tó tún gbà á títí dópin. Orí funfun ni oyún ti lè dúró. Ẹyin obìnrin kì í lò ju nǹkan bí ọjọ́ kan lọ, ṣùgbọ́n àtọ̀ lè wà láàyè nínú wa tó ọjọ́ 5. Ìdí nìyẹn tí funfun fi pọ̀ tó bẹ́ẹ̀. Ẹni tó ń wá ọmọ á mọ ìgbà tí yóò sún mọ́ ọkọ, ẹni tí kò wá á mọ ìgbà tí yóò yẹra tàbí kó lo kọ́ńdọ̀mù.

Àwọn funfun yẹn máa ń tàn nínú òkùnkùn. Bí NEPA bá mú iná lọ, a ò nílò tọ́ọ̀ṣì ká tó mọ ibi tí òrùka wà. Láwọn àárọ̀ mìíràn, bàálé mi ló ń sún un. Ẹ má fojú kéré ìyẹn: tẹ́lẹ̀, "ara mi ò yá" ni mo máa ń wí, òun á sì máa fi orí ara rẹ̀ rò ó. Ìyá ọkọ mi ní tiẹ̀ rò pé jìgìdá ni mo gbé kọ́ ara ògiri. Mo ní, "Màmá, oṣù mi ni mo fi ń kà." Wọ́n gbé e dání, wọ́n fi àtàǹpàkò ka àwọn funfun tán, wọ́n ní, "Ṣé wọn ò ṣe ti ọkùnrin ni?"

Kì í ṣe ti gbogbo ayé ṣá. Ẹni tí oṣù rẹ̀ ń yí po láàárín ọjọ́ 26 sí 32 ló wà fún. Búráùn kan dúdú ju àwọn yòókù lọ, ọjọ́ 27 nìyẹn: bí ẹ̀jẹ̀ bá yọ kí òrùka tó débẹ̀, oṣù yẹn kúrú jù. Bí òrùka bá dé ìlẹ̀kẹ̀ tó kẹ́yìn, tí ilẹ̀ ọjọ́ kejì mọ́ tó tún ṣú láìrí nǹkan, ó gùn jù. Bí irú rẹ̀ bá ṣẹlẹ̀ ju ẹ̀ẹ̀kan lọ lọ́dún, ẹ padà sọ́dọ̀ nọ́ọ̀sì.

Lójú tèmi, ibí yìí gan-an lèrè rẹ̀ pọ̀ sí. Àbúrò mi obìnrin máa ń sọ fún wa pé nǹkan oṣù òun ń lọ déédéé. Nígbà tó bẹ̀rẹ̀ sí í lo tiẹ̀, òrùka á dé òpin, á sì jókòó síbẹ̀. Ó gbé kàlẹ́ńdà tó ń sàmì sí lọ bá dókítà, wọ́n ní kó lọ ṣe àyẹ̀wò họ́mónù. Ìtọ́jú tó ń gbà báyìí, ibẹ̀ ló ti bẹ̀rẹ̀. Ní tèmi, kí n tó dá ọjọ́ tí mo máa lọ kó ọjà l'Ékòó, ògiri ni mo kọ́kọ́ ń wò.

Ìwádìí tó jáde ní 2002 fi hàn pé bí obìnrin 100 bá lò ó bó ṣe yẹ fún ọdún kan, nǹkan bí 5 ló máa lóyún. Bí a ṣe ń lò ó nílé tí a ń gbàgbé, wọ́n á tó 12. Nítorí náà, ẹni tí oyún lè pa lára, kó lọ gba ohun tó lágbára jù ú lọ. Kò dènà àrùn ìbálòpọ̀ kankan. Ìyá ọlọ́mú tí oṣù rẹ̀ kò tíì fìdí múlẹ̀ kò sì gbọ́dọ̀ gbára lé e.

Àléébù tó ń dùn mí jù ni pé òrùka kì í rántí nǹkan kan. Bí ẹ bá ń ṣiyèméjì bóyá ẹ ti sún un láàárọ̀, àfi kí ẹ kà á láti ọjọ́ tí ẹ sàmì sí. Kàlẹ́ńdà wà nínú páálí rẹ̀, àmọ́ ìwé àkọsílẹ̀ ni mo ń lò, kí n lè kọ ìrora àti bí ẹ̀jẹ̀ ṣe pọ̀ tó sí i. Áàpù orí fóònù sàn jù ú lọ níbi ká tọ́jú àkọsílẹ̀, mo gbà. Ṣùgbọ́n ní 2021, àjọ ìjọba Amẹ́ríkà, FTC, fẹ̀sùn kan Flo, áàpù tí wọ́n fi ń ka nǹkan oṣù, pé ó fi ọ̀rọ̀ ìlera àwọn obìnrin ránṣẹ́ sí àwọn iléeṣẹ́ bíi Facebook àti Google lẹ́yìn tó ti ṣèlérí àṣírí. Ìlẹ̀kẹ̀ tèmi kò mọ Facebook.

Bí ẹ bá fẹ́ ẹ, ẹ béèrè ní ẹ̀ka ìfètò-sọ́mọ-bíbí tó wà nítòsí yín. Kí ẹ tó lọ, ẹ kọ ọjọ́ tí nǹkan oṣù yín bẹ̀rẹ̀ ní oṣù mélòó kan sílẹ̀. Òun ni wọ́n máa kọ́kọ́ bi yín.