Ṣakabùlà Kétu àti Ṣábẹ: ohun tó yẹ kí ẹ yẹ̀ wò kí owó tó kúrò lọ́wọ́ yín

Ẹni tó bá fẹ́ ra ìbọn ọdẹ ní Kétu tàbí ní Ṣábẹ, ní orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀, ọ̀nà méjì ló wà níwájú rẹ̀: ìbọn kátúsì kálíbù 12 tó ti òkè òkun wá, tàbí ṣakabùlà tí alágbẹ̀dẹ rọ, tí wọ́n ń ki ẹtù àti ọta sí láti ẹnu. Ṣakabùlà la yẹ̀ wò níbí. Òun ni àgbẹ̀ tó ń ṣọ́ ọ̀yà nínú àgbàdo ń gbé kọ́ èjìká, òun náà sì ni orúkọ rẹ̀ máa ń jáde nígbà tí wọ́n bá ní "àṣìta ni." Ọ̀rọ̀ àṣìta yìí ti pọ̀ jù lẹ́nu wa. Ìbọn kì í dédé yìn. Ẹnì kan ló fo nǹkan kan, bóyá ẹni tó rọ ọ́, bóyá ẹni tó kì í, bóyá ẹni tó gbé e ti ògiri sílẹ̀ fún ọmọdé.

Ẹ jẹ́ ká fún àwọn alágbẹ̀dẹ ní ẹ̀tọ́ wọn ná. Igi ìdí ìbọn wọn máa ń jókòó dáadáa sí èjìká, ó fúyẹ́, kì í sì í tètè là. Bí irin tó ń ta òòlù ìbọn bá kán, wọ́n lè tún un ṣe láì jẹ́ pé ẹ ń dúró de ohun èlò láti Kútọnu. Ọta kan péré ló sì ń yìn lẹ́ẹ̀kan, èyí tó ń mú kí ọdẹ rò ó dáadáa kó tó fa ìbọn.

Àgbá rẹ̀ ni ẹ̀rù wà. Ìbọn tí wọ́n ṣe ní Liège ní Bẹ́ljíọ̀mù tàbí ní Saint-Étienne ní Faransé máa ń ní òǹtẹ̀ lára àgbá, tó ń fi hàn pé wọ́n ti kì í ju bó ṣe yẹ lọ, wọ́n yìn ín wò, kò sì bẹ́. Ilé ìdánwò ti Liège ti wà láti 1672. Ṣakabùlà kò ní òǹtẹ̀ kankan, nítorí náà ojú ẹni tó ń rà á ló máa ṣiṣẹ́ òǹtẹ̀. Àwọn kan ń fi páìpù omi ṣe àgbá, wọ́n á kùn ún dúdú, á sì máa dán. Páìpù tó ní ojú àsopọ̀ láti òkè dé ìsàlẹ̀, wọn kò ṣe é fún agbára ẹtù. Ojú àsopọ̀ yẹn ló máa ń là, ọwọ́ òsì tó di àgbá mú ló sì máa ń bá a lọ.

Kí ẹ tó wo inú rẹ̀, ẹ kọ́kọ́ rí i dájú pé ó ṣófo. Ẹ yọ kápù kúrò, ìyẹn ìdérí kékeré tí òòlù ń lù kó lè tanná sí ẹtù. Ẹ ti ọ̀pá ìbọn, èyí tí wọ́n fi ń ti ẹtù àti ọta wọlẹ̀, bọ ẹnu rẹ̀ láti ẹ̀gbẹ́, láì gbé ojú tàbí àyà sí iwájú ẹnu ìbọn, títí yóò fi kan ìsàlẹ̀. Ẹ fi ìka di ọ̀pá mú níbi tó bá ẹnu ìbọn dọ́gba, ẹ fà á yọ, kí ẹ sì tẹ́ ẹ sí ẹ̀gbẹ́ àgbá lóde. Bí orí ọ̀pá kò bá dé ibi tí irin kékeré tí kápù ń jókòó lé wà, nǹkan wà nínú ìbọn yẹn. Ẹ dá a padà fún alágbẹ̀dẹ kó tú u. Bó bá ṣófo, ẹ so tọ́ọ̀ṣì kékeré mọ́ okùn, ẹ sọ ọ́ sínú àgbá, kí ẹ wá ojú àsopọ̀, ihò ìpẹtà, tàbí ibi tó wú. Ẹ fi àtẹ́lẹwọ́ pa ara àgbá láti ìdí dé ẹnu. Ibi tó bá wú, ìka á mọ̀ ọ́n.

Lẹ́yìn èyí, òòlù. Ó ní ibi méjì tó ń dúró sí: ibi àárín, tí ìbọn kò gbọdọ̀ lè yìn, àti òkè pátápátá, tó ti múra. Bí ìbọn bá ṣófo tí kò sì sí kápù lórí, ẹ gbé òòlù dé ibi àárín, kí ẹ fa irin ìfà dáadáa. Bí òòlù bá já wálẹ̀, ẹ má ra ìbọn náà. Irú èyí ló máa ń yìn nígbà tí ọdẹ bá fo odò, tàbí tí ìdí ìbọn bá kan ilẹ̀ nígbà tó ń sọ̀kalẹ̀ lórí ọ̀kadà. Ihò irin tí kápù ń jókòó lé náà máa ń fẹ̀ bí ọdún ti ń gorí ọdún; bó bá ti fẹ̀ jù, iná á máa fẹ́ padà sí ojú ẹni tó ń yìn ín. Ẹ ní kí wọ́n pààrọ̀ rẹ̀, kí ẹ sì máa lo jígí ojú.

Ohun kan wà tí kò gba alágbẹ̀dẹ ní ìṣẹ́jú márùn-ún, tó yẹ kí gbogbo olùrà béèrè fún. Kó fi ọ̀bẹ fá àmì méjì sára ọ̀pá ìbọn: ọ̀kan fún ìgbà tí ìbọn ṣófo, ìkejì fún ìgbà tó kún bó ṣe yẹ. Lọ́jọ́ tí àmì kejì bá yọ sókè ju ẹnu ìbọn lọ, yálà ẹtù ti di ìlọ́po méjì, tàbí ọta kò tíì wọlẹ̀ bá ẹtù. Méjèèjì ló ń fọ́ àgbá. Ẹtù dúdú nìkan ni kó wọ inú rẹ̀. Ẹni tó bá tú kátúsì, tó da ẹtù inú rẹ̀ sí ṣakabùlà, agbára tí àgbá yẹn kò lè gbà ló dà sí i. Ìwọ̀n ni kí ẹ fi bu ẹtù. Ẹ má ṣe da á tààrà láti inú ìwo, nítorí ẹ̀ṣẹ́ná kan tó bá ṣẹ́kù nínú àgbá lè ran gbogbo ìwo náà lọ́wọ́ yín.

Bí òòlù bá lu kápù tí ìbọn kò dún, kí ẹnu rẹ̀ má kúrò níbi tí ẹ kọ ọ́ sí fún ìṣẹ́jú kan gbáko, nítorí iná lè ṣì máa jó lọ́ra nínú. Ibí ni ọ̀pọ̀ ti ń kú: wọ́n á yí i padà láti wo ohun tó ṣe é. Ní ìsípà ọdẹ, ètùtù tí wọ́n ń ṣe fún ọdẹ tó kú, tí wọ́n ń yìn ín láìsí ọta, àkísà tí wọ́n fi dí ẹtù lè dá egbò jíjìn sí ara ẹni tó wà nítòsí, ọ̀pá ìbọn tí wọ́n gbàgbé sínú rẹ̀ á sì fò bí ọ̀kọ̀.

Lójú wa, ẹ̀kọ́ ni ọjà yìí ti kùnà jù. Ìbọn ń kúrò ní àgbẹ̀dẹ láìsí ìtọ́ni tó ju "Ògún á gbè ọ́" lọ. Bẹ́ẹ̀ àdéhùn CEDEAO (ECOWAS), àjọ àwọn orílẹ̀-èdè Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, lórí ìbọn kéékèèké, tí wọ́n fọwọ́ sí ní Abuja ní ọjọ́ 14 Oṣù Kẹfà 2006, sọ pé kí ẹni tó ń gba ìwé àṣẹ fi hàn pé òun ti kọ́ bí a ṣe ń lo ìbọn láìséwu àti òfin tó dè é, pé òun máa tọ́jú ìbọn sí ibi tó láàbò, kí ọta sì wà lọ́tọ̀. Ó kéré tán, ọjọ́ 21 ló gbọ́dọ̀ kọjá kí ìwé àṣẹ tó jáde. Àwọn kan ní òfin báyìí ń fi ìyà jẹ ọdẹ. A ò gbà. Ní Amẹ́ríkà, ó lé ní ìdajì àwọn ìpínlẹ̀ wọn tó ti fàyè gba gbígbé ìbọn kiri láìsí ìwé àṣẹ, síbẹ̀ ní 2024, adájọ́ kan ní Michigan rán bàbá àti ìyá kan lọ sí ẹ̀wọ̀n ọdún 10 sí 15, nítorí pé ọmọ wọn gbé ìbọn tí wọ́n rà, ó sì pa akẹ́kọ̀ọ́ mẹ́rin ní 2021. Nílé wa níbí, òfin ìwà ọ̀daràn Bẹ̀nẹ̀ ti 2018 mọ ìpànìyàn láìmọ̀ọ́mọ̀ tó ti ọwọ́ àìbìkítà wá. "Àṣìta ni" kò sọ ẹjọ́ di òfo.

Ìdájọ́ wa: fún ọdẹ tó ní ìwé àṣẹ, tó sì ṣe gbogbo àyẹ̀wò tó wà lókè yìí, ṣakabùlà alágbẹ̀dẹ tó mọṣẹ́ wúlò. Èyí tí kò bá yege nínú ti òòlù tàbí ti àgbá, ẹ má gbà á lọ́fẹ̀ẹ́ pàápàá. Bí ẹ bá ń sanwó, ẹ ní kí alágbẹ̀dẹ lu nọ́ńbà àti àmì tirẹ̀ sára àgbá, kó kọ ọ́ sínú ìwé pẹ̀lú orúkọ yín, ọjọ́ àti nọ́ńbà ìwé àṣẹ, kí ẹ̀dà kan wà lọ́wọ́ yín. Èyí tí kò bá fẹ́ kọ orúkọ tirẹ̀ sí iṣẹ́ ọwọ́ ara rẹ̀, ẹ wá alágbẹ̀dẹ mìíràn.