Crusader Kings III: gbígba ilẹ̀ rọrùn, àwọn tó wà lábẹ́ ẹni ni wàhálà

Bó bá jẹ́ géèmù tí ẹ ó ti máa yìnbọn láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin lẹ ń wá, ẹ má ra Crusader Kings III. Máàpù lẹ ó máa wò, pẹ̀lú lẹ́tà lóríṣiríṣi àti ojú àwọn ọba tó ń bínú. Ilé iṣẹ́ Paradox ní Sweden ló ṣe é, ó sì jáde lóṣù kẹsàn-án 2020. Orí láptọ́ọ̀pù ni mo ti ń ta á níbí ní Àkúrẹ́, màá sì dé orí ọ̀rọ̀ iná tó bá yá.

Ẹ lè bẹ̀rẹ̀ láti 867 tàbí 1066 (wọ́n fi 1178 kún un ní 2024). Ó parí ní 1453. Ẹ kì í ṣe orílẹ̀-èdè nínú rẹ̀, ènìyàn kan lẹ jẹ́. Bó bá kú, àrólé rẹ̀ lẹ ó dà. Ẹnikẹ́ni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bọ̀, Ireland ti 1066 ni mo máa ń júwe fún un, pẹ̀lú Murchad tó ń jọba ní Munster, torí pé ọba kéékèèké ló kún erékùṣù yẹn, kò sì sí èyí tó lè dá gbé àwọn yòókù mì.

Ẹ kò lè kàn jí lówùúrọ̀ kí ẹ gbógun ti aládùúgbò. Ẹ gbọ́dọ̀ ní ẹ̀tọ́ sí ilẹ̀ náà, bí ẹ ò bá sì ní in, ẹ ṣe é. Bíṣọ́ọ̀bù tó wà nínú ìgbìmọ̀ yín lẹ ó rán lọ síbi tí ojú yín wọ̀. Á máa tú ìwé, á máa hun ìtàn, títí yóò fi padà wá sọ pé ilẹ̀ baba yín ni, owó yín á sì jáde. Ẹni tó bá ti ra ilẹ̀ ní Àkúrẹ́ rí, tí ìdílé kejì tún yọjú pẹ̀lú ìwé tiwọn, mọ irú iṣẹ́ tí bíṣọ́ọ̀bù yìí ń ṣe dáadáa.

Ogun fúnra rẹ̀ kò ní ohun púpọ̀ nínú. Ẹ kó ọmọ ogun jọ, ẹ pe àwọn àna yín (ìdí nìyẹn tí ẹ fi gbọ́dọ̀ mọ ilé tí ẹ ń fi ọmọ fún), ẹ dó ti odi ìlú títí tí ọ̀tá yóò fi túúbá.

Ibi tó dùn mọ́ mi jù bẹ̀rẹ̀ nígbà tó bá ju ìdajì Ireland lọ lọ́wọ́ ẹni. Ẹ san owó, ẹ dá oyè Ọba Ireland sílẹ̀. Láti ọjọ́ yẹn, àwọn ọba kéékèèké tó kù ti wà lábẹ́ oyè yín lórí ìwé, ẹ sì lè ránṣẹ́ sí wọn pé kí wọ́n wá foríbalẹ̀ láìta ọfà kan. Géèmù náà á ka ìdí tí ẹni náà fi gbà tàbí kọ̀ sílẹ̀ fún yín lọ́kọ̀ọ̀kan: ẹ̀sìn yín bá ara mu, ó ń bẹ̀rù ọmọ ogun yín, àmọ́ kò tíì gbàgbé pé ẹ ti bàbá rẹ̀ mọ́lé. Ẹ fi owó ránṣẹ́ sí i, ẹ tún padà bèèrè. Mo fẹ́ràn èyí ju ogun mẹ́wàá lọ.

Ṣùgbọ́n ẹ kò lè di gbogbo ilẹ̀ náà mọ́wọ́. Iye agbègbè tí ọba lè fúnra rẹ̀ ṣàkóso ní òǹkà, òye rẹ̀ nípa ètò ìlú ló ń pinnu rẹ̀. Ẹ kọjá òǹkà yẹn, owó àti ọmọ ogun tó ń wọlé á bẹ̀rẹ̀ sí í fà sẹ́yìn. Nítorí náà ẹ ó pín ilẹ̀ fún ènìyàn, ẹni tí ẹ bá sì fi jẹ oyè ni ẹ ó máa bá fà á títí ayé. Èmi kì í jẹ́ kí ìjòyè kan ṣoṣo ní oyè dúùkù (oyè ńlá tó tẹ̀lé ti ọba) méjì. Èmi ọba náà kì í di ju méjì mú, torí bó bá ti lé, àwọn yòókù á gbà pé mo ń jẹ nǹkan tó yẹ kó kàn wọ́n.

Olúkúlùkù wọn ló ní àdéhùn tirẹ̀ pẹ̀lú ọba: iye ìṣákọ́lẹ̀ tí yóò san, iye ọmọ ogun tí yóò mú wá. Bí ẹ bá fi agídí gbé e sókè, orúkọ aninilára á lẹ̀ mọ́ yín. Èyí tó gbọ́n jù ni kí ẹ rán olórí amí yín kó wá àṣírí ẹni náà. Ẹni tí ẹ mọ̀ pé ọmọ tó ń pè ní tirẹ̀ kì í ṣe tirẹ̀ kò ní pariwo nítorí ìṣákọ́lẹ̀.

Àwọn tí ẹ kò bá rí àṣírí wọn mú ńkọ́? Wọ́n á parapọ̀. Bí Ìbàdàn ṣe fi ajẹ́lẹ̀ ni àwọn ìlú abẹ́ rẹ̀ lára, tí Ẹkìtì àti Ìjẹ̀ṣà fi kó ara wọn jọ, tó di Ogun Kírìjí láti 1877 títí di 1893, bẹ́ẹ̀ náà ló rí níbí. Àwọn tó ṣe géèmù yìí lè má gbọ́ orúkọ Ògèdèǹgbé, ọ̀gágun Ìjẹ̀ṣà tó kojú Ìbàdàn, rí, àmọ́ wọ́n mọ irú ènìyàn bẹ́ẹ̀. Bí agbára ogun àwọn tó parapọ̀ bá ti tó ìdá 80 nínú 100 agbára yín, inú wọn á máa ru díẹ̀díẹ̀. Bó bá kún, wọ́n á gbé ìwé wá: kí ẹ fi wọ́n sílẹ̀, tàbí kí ẹ gbé adé fún ẹlòmíràn, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ogun. Ẹ wo èyí tó lágbára jù nínú wọn, kí ẹ dá májẹ̀mú ogun pẹ̀lú rẹ̀ nípa ìgbéyàwó ọmọ yín. Ẹni tó bá yín dá májẹ̀mú kò lè wọ ẹgbẹ́ ọlọ̀tẹ̀.

Lẹ́yìn náà ni ikú ọba. Orí-ò-jorí ni wọ́n fi ń pín ogún láàárín àwọn ọmọkùnrin níbẹ̀rẹ̀, ó sì ń dun ènìyàn wọra. Àrólé á gorí ìtẹ́ pẹ̀lú ìdá díẹ̀ nínú ilẹ̀ bàbá rẹ̀, àwọn àbúrò á mú tiwọn, àwọn ìjòyè tó ń bẹ̀rù bàbá kò sì ka ọmọ sí rárá. Òfin tí àkọ́bí yóò fi kó gbogbo rẹ̀ wà, ṣùgbọ́n ó di ìgbà tí ìmọ̀ àwùjọ yín bá ti jìnnà kí ọwọ́ tó tó o. Àwọn kan ní èyí ń ba géèmù náà jẹ́. Èmi ò gbà. Láìsí i, lẹ́yìn ọba kejì kò ní sí ohun tó le mọ́.

Ifẹ̀ wà lórí máàpù, àṣà Yorùbá náà wà níbẹ̀. Mo ta á, inú mi dùn sí i, àmọ́ ìtàn tó ń ṣẹlẹ̀ níbẹ̀ fẹ́lẹ́ lójú mi lẹ́gbẹ̀ẹ́ ti Yúróòpù. Ẹ kọ́kọ́ fi Ireland kọ́wọ́.

Ọ̀rọ̀ iná wá kù. Bí ẹ bá ń dá ta á, kò nílò íntánẹ́ẹ̀tì lẹ́yìn tí ẹ bá ti gbà á sórí láptọ́ọ̀pù, ó sì ń fúnra rẹ̀ tọ́jú ibi tí ẹ dé, nítorí náà bí batiri bá kú lójijì, ohun tó bá yín lọ kì í pọ̀. Bó bá ti kọjá ọdún 1200, láptọ́ọ̀pù mi a máa wọ́lẹ̀, fáànù inú rẹ̀ a sì máa ké bíi pé ó fẹ́ gbéra. Ẹni tí RAM (mẹ́mọ́rì) láptọ́ọ̀pù tirẹ̀ kò bá tó 8GB, kó rò ó dáadáa. Gẹ̀ẹ́sì inú rẹ̀ náà pọ̀, ẹ ó kàwé gan-an. Àwọn àfikún bíi Royal Court ti 2022 àti Roads to Power ti 2024 ń gba owó ọ̀tọ̀, bí ènìyàn bá sì ń rà wọ́n tán, owó náà á ju ti géèmù fúnra rẹ̀ lọ. Ẹ dúró de ìgbà tí wọ́n bá ń ta á ní ẹ̀dínwó, kí ẹ ra òun nìkan. Tí ẹ bá ti so Ireland pọ̀, tí àrólé yín sì tún rí i dì mú, ẹ lè wá máa wo Roads to Power, tó ń jẹ́ kí ẹni tí kò ní ilẹ̀ rárá máa rìn káàkiri pẹ̀lú àwọn ènìyàn rẹ̀.