Máńdálà oníyanrìn àbí ọgbà òkúta, èwo ló bá ẹni tó ń wòran lára mu jù?

Àwọn ajẹ́jẹ̀ẹ́ ẹ̀sìn Búdà ní Tibet máa ń fi yanrìn aláwọ̀ oríṣiríṣi ya máńdálà, ìyẹn àwòrán mímọ́ kan tó sábà máa ń rí roboto, wọ́n á bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ fún ọjọ́ mélòó kan, wọ́n á máa da yanrìn náà díẹ̀díẹ̀ látinú ọ̀pá irin tẹ́ẹ́rẹ́, tó bá wá parí tán báyìí wọ́n á gbá gbogbo ẹ̀ pọ̀, wọ́n á lọ dà á sódò. Torí Búdà ní kò sóhun tó wà títí. Ayàwòrán ò kọ orúkọ síbì kankan, kò sí nǹkan tí èèyàn máa rà lọ sílé, ohun tójú rí nìkan ló kù.

Ọgbà òkúta tó wà ní Ryoan-ji, tẹ́ńpìlì ẹlẹ́sìn Búdà kan ní Kyoto, ní Japan, yàtọ̀. Òkúta 15 ló wà láàárín òkúta wẹ́wẹ́, àmọ́ ibi yòówù kó o jókòó sí ní fàráńdà, ọ̀kan á ṣáà fara pa mọ́ fún ẹ. Wọn ò mọ ẹni tó ṣe é dájú, kò sì sẹ́ni tó máa sọ ìtumọ̀ ẹ̀ fún ẹ, ìwọ lo máa parí iṣẹ́ náà nínú orí ẹ (àwọn kan ní ẹkùn àtàwọn ọmọ ẹ̀ ló ń sọdá odò, èmi ò rí ẹkùn kankan o).

Ọgbà yẹn ni tèmi sha. Máńdálà, tí wọ́n bá ti ń gbá a, ó máa ń dùn mí bíi pé èmi ni mo yà á.