QueryTracker lọ́wọ́ ẹni tó ń kọ ìwé aláwòrán fún ọmọdé: ibi tó ti wúlò àti ibi tó kù díẹ̀ káàtó

Ẹni tó bá kọ ìwé ọmọdé lédè Gẹ̀ẹ́sì, tó sì fẹ́ kí ilé atẹ̀wé ńlá gbé e jáde, aṣojú, ìyẹn ẹni tó ń bá òǹkọ̀wé ta ìwé fún ilé atẹ̀wé, ni yóò kọ́kọ́ wá, nítorí ọ̀pọ̀ nínú àwọn ilé atẹ̀wé yẹn kì í gba iṣẹ́ tààrà lọ́wọ́ òǹkọ̀wé. QueryTracker jẹ́ ọ̀kan lára àwọn ìkànnì tí a fi ń wá aṣojú bẹ́ẹ̀, ó sì ti wà láti ọdún 2007. Orúkọ àwọn aṣojú kún ibẹ̀ rẹpẹtẹ, ti Amẹ́ríkà ló pọ̀ jù. Ẹ tún lè fi ṣe àkọsílẹ̀ ẹni tí ẹ fi iṣẹ́ ránṣẹ́ sí, ọjọ́ tó lọ, àti èsì tó bá wá. Ìwé aláwòrán, èyí tí wọ́n ń kà fún ọmọ ọdún 3 sí 8, ni mo ń lò ó fún, ojú yẹn náà ni mo sì fi wò ó níbí.

Irinṣẹ́ tó dára ni, màá sì ní kí ẹ lò ó. Àmọ́ ẹni tó ń kọ ìtàn gígùn ló bá mu jù. Bí òǹkọ̀wé ìwé aláwòrán bá ka àwọn nọ́ńbà inú rẹ̀ bí àwọn yẹn ṣe ń kà á, yóò ṣì í kà, yóò sì máa ba ara rẹ̀ lọ́kàn jẹ́ lórí ohun tí kò rí bẹ́ẹ̀.

Ọ̀fẹ́ ni ìforúkọsílẹ̀. Tí ẹ bá ti wọlé, ẹ lọ sí ibi ìwákiri aṣojú, kí ẹ yan Picture Books, kí ẹ sì ní kó kó àwọn tó ń gba iṣẹ́ lọ́wọ́lọ́wọ́ nìkan wá. Ẹ má fi gbogbo ara gbẹ́kẹ̀ lé àbájáde yẹn. Ọ̀pọ̀ aṣojú tó ní òun ń gba ìwé aláwòrán, ẹni tó ń kọ tó tún ń yàwòrán fúnra rẹ̀ ni wọ́n ń wá. Ẹni tó jẹ́ pé ọ̀rọ̀ nìkan ló ń kọ lè fi iṣẹ́ ránṣẹ́ sí irú wọn títí, kò ní sí èsì gidi. Nítorí náà, lórí orúkọ kọ̀ọ̀kan, ẹ tẹ líǹkì ìkànnì ilé-iṣẹ́ aṣojú náà, kí ẹ ka ìlànà wọn níbẹ̀. Ẹ wá gbólóhùn tí wọ́n fi ń sọ pé ayàwòrán tó ń kọ̀wé nìkan làwọn ń gbà. Ẹ tún wò ó bóyá ẹni kan ṣoṣo lẹ lè kọ̀wé sí nínú ilé-iṣẹ́ náà lẹ́ẹ̀kan náà, àti bóyá "rárá" láti ẹnu ẹnì kan jẹ́ "rárá" láti ẹnu gbogbo wọn. Iṣẹ́ yìí máa ń gba àkókò, kò sì sí irinṣẹ́ kankan tó lè bá yín ṣe é tán.

Fọ́ọ̀mù orí íntánẹ́ẹ̀tì tó ń jẹ́ QueryManager ni ọ̀pọ̀ aṣojú fi ń gba iṣẹ́. Òun àti QueryTracker jọ ń ṣiṣẹ́ pọ̀ ni. Àpótí orí rẹ̀ máa ń yàtọ̀ láti ọ̀dọ̀ aṣojú kan sí òmíràn, àmọ́ ẹ ó sábà bá àyè fún orúkọ ìwé, iye ọ̀rọ̀ inú rẹ̀, lẹ́tà tí ẹ fi ń gbé iṣẹ́ náà kalẹ̀, gbólóhùn kan tó sọ ohun tí ìtàn náà dá lé, ìtàn díẹ̀ nípa òǹkọ̀wé, àti àwọn ìwé tó jọ tiyín. Ẹ kọ gbogbo rẹ̀ sínú fáìlì kan lọ́tọ̀ kí ẹ tó ṣí fọ́ọ̀mù náà rárá. Ẹ ò ní lè tún un ṣe mọ́ lẹ́yìn tí ẹ bá ti fi ránṣẹ́. Ímeèlì tí wọ́n á fi jẹ́rìí sí i pé ó ti dé ní líǹkì tí ẹ lè fi mọ ibi tí ọ̀rọ̀ dé, ẹ má pa á rẹ́.

Ibi tí ọ̀ràn ìwé aláwòrán ti yàtọ̀ nìyí: orí bíi mélòó kan ni ẹni tó kọ ìtàn gígùn máa ń lẹ̀ sínú fọ́ọ̀mù, ṣùgbọ́n odindi ìwé lẹ̀yin máa ń lẹ̀ mọ́ ọn. Ojú ìwé 32 ni ìwé aláwòrán sábà máa ń ní, torí bébà ńlá tí wọ́n ń ká sí ojú ewé 16 ni wọ́n fi ń tẹ̀ ẹ́, ìdì méjì sì jẹ́ 32. Tí ẹ bá yọ ojú ewé orúkọ ìwé àti ti ẹ̀tọ́ òǹkọ̀wé kúrò, ohun tó kù fún ìtàn kì í ju bíi ojú ewé méjì-méjì 12 sí 14 lọ. Ẹ fi ìlà òfìfo kan sí àárín ojú ewé méjì kan àti èyí tó tẹ̀ lé e. Ẹ má gbára lé lẹ́tà tó dagẹrẹ (italics) tàbí àyè ìbẹ̀rẹ̀ ìpínrọ̀, torí àpótí náà lè tú gbogbo rẹ̀ ká. Ìtàn tó bá ti kọjá ọ̀rọ̀ 600 ti ń wọ ibi tí aṣojú á ti máa ṣiyèméjì. Ti ìmọ̀ ìjìnlẹ̀ àti ìtàn ìgbésí ayé ẹni gidi lè gùn jù bẹ́ẹ̀ lọ díẹ̀.

Àlàyé fún ayàwòrán náà wà níbẹ̀. Ẹ fi sí i níbi tí ọ̀rọ̀ àti àwòrán bá tako ara wọn nìkan. Bí ọmọ inú ìtàn bá sọ pé, "Kò sí nǹkan kan lábẹ́ ibùsùn mi," tó sì jẹ́ pé ajá aládùúgbò ló wà níbẹ̀ tó ń jẹ bàtà bàbá, ẹ gbọ́dọ̀ sọ ti ajá náà, torí láìsí i ẹ̀rín ibẹ̀ kò yé ẹnikẹ́ni. Àmọ́ àwọ̀ aṣọ ọmọ náà, irú ajá tó jẹ́, ibi tí fèrèsé wà: ti ayàwòrán nìyẹn. Ẹ fi í sílẹ̀ fún un.

Ẹ jẹ́ kí n pa dà sórí àwọn nọ́ńbà. QueryTracker máa ń fi hàn iye ìgbà tí aṣojú kan béèrè pé kí wọ́n fi iṣẹ́ sí i ránṣẹ́. Fún ìtàn gígùn, ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé aṣojú fẹ́ ka odindi ìwé náà. Fún ìwé aláwòrán, ó ti kà á tán! Ohun tó ń béèrè ni ìwé mìíràn tí ẹ ti kọ, torí ó fẹ́ mọ̀ bóyá ọwọ́ yín lè tún ṣe irú rẹ̀. Aṣojú kì í fẹ́ gba ẹni tó ní ìtàn ọlọ́rọ̀ 400 kan ṣoṣo lọ́wọ́. Ẹni tó bá fi iṣẹ́ àkọ́kọ́ ránṣẹ́ láì ní méjì mìíràn tó ti gbó nílẹ̀, ọjọ́ tó yẹ kó dunnú ló máa bẹ̀rẹ̀ sí í kánjú kọ̀wé. Ẹ ṣètò mẹ́ta, ó kéré tán, kí ẹ tó tẹ bọ́tìnnì.

Ìdí kan pàtàkì nìyí tí mo fi rò pé ìpele tí wọ́n ń sanwó fún yẹ òǹkọ̀wé ìwé aláwòrán: ó ń jẹ́ kí èèyàn tọpa ju ìwé kan lọ. Ó sì tún ń jẹ́ kí ẹ rí ọjọ́ tí iṣẹ́ àwọn ẹlòmíràn dé ọ̀dọ̀ aṣojú àti ọjọ́ tó dáhùn, èyí tí mo kà sí ohun tó dára jù lọ nínú gbogbo ìkànnì náà. Bí ẹ bá rí i pé ó ń dáhùn àwọn tó kọ̀wé ní oṣù tó ṣáájú tiyín, kò tíì kàn yín, ẹ fọkàn balẹ̀. Bó bá ti fò yín kọjá, ó lè ti yà yín sọ́tọ̀ láti tún un kà, ó sì lè jẹ́ pé kò fẹ́, tí kò kàn ní dáhùn. Ẹ rántí pé àwọn òǹkọ̀wé fúnra wọn ló ń kọ púpọ̀ nínú ohun tó wà níbẹ̀, ọ̀pọ̀ ni kì í sì padà wá kọ èsì. Ohun tí ẹ bá rí níbẹ̀, ìtọ́sọ́nà ni, kì í ṣe ìdájọ́. Wíwo ojú ewé yẹn ní àárọ̀ àti ní alẹ́ kò sì lè mú aṣojú yára.

Ẹ fi ránṣẹ́ sí aṣojú márùn-ún sí mẹ́jọ lẹ́ẹ̀kan, kí ẹ dúró. Bí gbogbo wọn bá dá a padà láìsọ nǹkan pàtó kan, ẹ má sáré kọ̀wé sí mẹ́jọ mìíràn. Ẹ tún ojú ewé méjì àkọ́kọ́ kà. Lọ́pọ̀ ìgbà, àwọn òbí tàbí ojú ọjọ́ ni ìtàn ti bẹ̀rẹ̀, ọmọ tí ìtàn dá lé lórí kò sì tíì fẹ́ ohunkóhun. Tàbí kẹ̀, ìyá tàbí olùkọ́ ló yanjú ọ̀ràn náà ní ìparí. Ọmọ ló yẹ kó yanjú rẹ̀. Ẹni tó bá ń kọ ewì lédè Gẹ̀ẹ́sì gbọ́dọ̀ ṣọ́ra gan-an. Etí tó mọ ohùn Yorùbá dáadáa lè ka sílébù pé ṣáká, síbẹ̀ kí ìlà náà má rìn, torí ibi tí agbára ohùn bọ́ sí ni ewì wọn dúró lé. Ẹ fún ẹlòmíràn kà sókè, kí ẹ máa gbọ́ ibi tó ti kọsẹ̀.

Ní ti ibi tí èrò tuntun ti ń wá, QueryTracker kò ní nǹkan kan fún yín. Manuscript Wish List, níbi tí àwọn aṣojú ti ń kọ irú ìwé tí wọ́n ń wá, wúlò fún mímọ ẹni tí ẹ ó kọ̀wé sí. Ẹ má kọ ìtàn tuntun tìtorí ohun tí ẹ rí níbẹ̀. Ìwé aláwòrán lè lo ọdún méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lẹ́yìn tí wọ́n bá ti rà á kó tó jáde, ohun tí wọ́n ń wá lónìí lè má jẹ́ ohun tí wọ́n ń wá nígbà yẹn. Storystorm, ìpèníjà kíkó èrò ìwé jọ tí Tara Lazar, òǹkọ̀wé ìwé ọmọdé, dá sílẹ̀ ní 2009 pẹ̀lú orúkọ mìíràn, ló ṣe mí láǹfààní jù: èrò 30 láàárín oṣù January, ó sì lè jẹ́ orúkọ ìwé lásán tàbí gbólóhùn kan. Èyí tó pọ̀ jù nínú wọn kò ní wúlò, kò sì burú.

Bí ẹ ṣe máa mọ èyí tó wúlò nìyí. Ẹ ka iye àwòrán tó yàtọ̀ síra tó wà nínú rẹ̀. Ká ní ọmọ ọdún mẹ́rin kan kọ̀ láti bọ́ bàtà òjò rẹ̀ sùn. Ó wà lórí ibùsùn, ó wà nínú ìwẹ̀, ó ń fi ẹrẹ̀ ara rẹ̀ ba bẹ́ẹ̀dì jẹ́. Mẹ́ta nìyẹn, ó sì ti ń tán lọ, torí ohun kan náà ló ń ṣe ní ibi mẹ́ta. Ẹ wá béèrè ìdí tí kò fi fẹ́ bọ́ ọ. Bó bá jẹ́ pé ó fi ọ̀pọ̀lọ́ pamọ́ sínú bàtà ẹsẹ̀ òsì ni, ìyá ń bọ̀, ọ̀pọ̀lọ́ ń ké, ebi ń pa á, àwòrán 12 ti fẹ́ pé. Èyí tí kò bá dé 12, ẹ jẹ́ kó wà nínú ìwé àkọsílẹ̀ yín títí tí òmíràn yóò fi wá darapọ̀ mọ́ ọn.

Aṣojú gidi kì í gba owó láti ka iṣẹ́. Ìpín 15 nínú ọgọ́rùn-ún ohun tí ìwé bá mú wọlé ni wọ́n sábà máa ń yọ, ó sì máa ń jù bẹ́ẹ̀ lọ fún títa á sí ilẹ̀ òkèèrè. Ẹni tó bá ní kí ẹ kọ́kọ́ sanwó, ẹ yọ orúkọ rẹ̀ kúrò.

Tí ẹnì kan bá wá sọ pé òun fẹ́ ṣojú yín, ẹ má gbà lójú ẹsẹ̀. Ẹ ṣí àkọsílẹ̀ yín, kí ẹ kọ̀wé sí gbogbo àwọn tí iṣẹ́ yín ṣì wà lọ́wọ́ wọn pé ẹnì kan ti nawọ́ sí yín, kí ẹ sì sọ ọjọ́ tí ẹ fẹ́ gbọ́ èsì. Ọ̀sẹ̀ méjì ni wọ́n sábà máa ń fún wọn. Ẹni tí kò bá kọ ọjọ́ àti orúkọ sílẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀ ni yóò máa wá ímeèlì kiri lọ́jọ́ yẹn.