Ife ìwọ̀n OXO tí a ń kà láti òkè

Ẹ wo ẹni tó ń fi ife gíláàsì wọn omi. Á dà á, á bẹ̀rẹ̀ kí ojú rẹ̀ lè bá ìlà dọ́gba, á rí i pé kò tíì pé, á nàró, á bù kún un, á tún bẹ̀rẹ̀. Bí ẹ bá ní kí ó sọ ohun tó ń yọ ọ́ lẹ́nu lára ife náà, á ní ó tètè ń fọ́, tàbí pé ó ń yọ̀ lọ́wọ́ tí òróró bá kàn án. Kò ní rántí bó ṣe ń bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ kó tó lè kà á, torí ó ti mọ́ ọn lára. Ẹni tó bá wò ó lẹ́nu iṣẹ́ nìkan ló lè rí i.

Ibẹ̀ gan-an ni ife ìwọ̀n yìí, tí OXO, ilé-iṣẹ́ Amẹ́ríkà tó ń ṣe ohun èlò ìdáná, ṣe, dá lé. Pẹpẹ tẹ́ẹ́rẹ́ kan gun òkè gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ mọ́ ara ògiri inú rẹ̀, orí pẹpẹ náà ni wọ́n kọ ìwọ̀n sí. Ibi tí ojú omi bá bá pẹpẹ pàdé ni iye rẹ̀. Èèyàn á dúró ṣánṣán, á máa dà, á máa kà. Iṣẹ́ ọpọlọ gidi ni.

Àmọ́ orí ibi tó tẹ́jú ni kí ẹ gbé e kà á. Tí ẹ bá gbé e lọ́wọ́, ó máa ń tẹ̀, ìwọ̀n á sì ṣì. Ẹ kíyè sí i pé ife ti Amẹ́ríkà, nǹkan bíi mìlílítà 237, ni wọ́n fi kọ ọ́. Tó bá jẹ́ pé 250 ni ìlànà oúnjẹ yín pe ife kan, ìlà mìlílítà ni kí ẹ tẹ̀ lé. Ẹ lè fi òṣùwọ̀n dán an wò: omi giramu 200 gbọ́dọ̀ dúró síbi mìlílítà 200.

Kò dára fún ìyẹ̀fun rárá. Pẹpẹ yẹn kì í jẹ́ kó tẹ́jú, ẹ kàn wọ̀n ọ́n lórí òṣùwọ̀n. Oyin náà ń lẹ̀ mọ́ igun pẹpẹ, kànìnkànìn kì í sì í wọ ibẹ̀ dáadáa. Búrọ́ọ̀ṣì kékeré ló ń fọ̀ ọ́ mọ́.

Ẹni tó máa ra ẹyọ kan, èyí tó ń gba ife méjì ni kó mú. Èyí tó ń gba mẹ́rin fẹ̀ nínú, tí ẹ bá da omi díẹ̀ sí i, agbára káká ni omi náà fi máa ń ga sókè kí ẹ tó lè kà á.