PCDA tàbí PCEP? Ọ̀nà mẹ́rin tó wọ iṣẹ́ ọlọ́pàá ní England, ẹ jẹ́ ká fi wọ́n wéra

Ọ̀nà kan ò wọ ọjà. Ẹni tó bá fẹ́ di kọ́ńsítébù ní England tàbí Wales lónìí, ọ̀nà mẹ́rin ló là sílẹ̀ fún un. Èyí tí àwọn òbí wa níbí fẹ́ràn láti máa gbọ́ jù ni PCDA (Police Constable Degree Apprenticeship), ìyẹn ẹ̀kọ́ṣẹ́ ọlọ́pàá tó ní dìgírì nínú: ọmọ á máa ṣiṣẹ́, á máa gba owó oṣù, lẹ́yìn ọdún mẹ́ta á gba dìgírì láì san kọ́bọ̀ fún yunifásítì. Létí òbí Yorùbá, ọ̀rọ̀ yìí dùn bí oyin. Mo ti jókòó ti àwọn ọmọ ìjọ wa mélòó kan nídìí fọ́ọ̀mù yìí, mo sì ti rí i pé ọ̀nà tó gbe ẹnì kan lè ni ẹlòmíràn lára gan-an. Ìdí tí mo fi ń kọ èyí nìyẹn. Scotland àti Northern Ireland ní ètò tiwọn, n ò ní fọwọ́ kàn wọ́n.

PCDA: òógùn ni wọ́n fi ń san án

Ọdún 2018 ni PCDA bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó bá gba ibẹ̀ wọlé kì í ṣe akẹ́kọ̀ọ́ tó kàn ń wo àwọn ọlọ́pàá lẹ́nu iṣẹ́ o. Yóò búra, agbára láti mú ọ̀daràn yóò wà lọ́wọ́ rẹ̀ bíi ti kọ́ńsítébù yòókù, yóò sì máa jáde sójú títì nígbà tí ìpè bá dé. College of Policing, àjọ tó ń bójú tó ẹ̀kọ́ ọlọ́pàá, ló gbé ìlànà ẹ̀kọ́ náà kalẹ̀, yunifásítì tó bá iléeṣẹ́ ọlọ́pàá náà dòwò pọ̀ ló ń kọ́ ọ. Dìgírì ojúlówó ni, BSc nínú Professional Policing Practice. Ní England, inú owó tí ìjọba ń gbà lọ́wọ́ àwọn agbanisíṣẹ́ ńlá fún ìkọ́ṣẹ́ ni wọ́n ti ń san án, kò sí gbèsè akẹ́kọ̀ọ́ lọ́rùn ọmọ.

Ṣùgbọ́n ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé ọ̀fẹ́ ni. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi kan gba ọ̀nà yìí, ọ̀dọ̀ mi ló sì ń gbé ní ọdún kejì rẹ̀. Tó bá ti iṣẹ́ òru dé láàárọ̀, á bọ́ bàtà ẹlẹ́rẹ̀ sẹ́nu ọ̀nà, á mu ògì díẹ̀, á wá ṣí kọ̀ǹpútà sórí tábìlì ilé ìdáná láti kọ àròkọ tí yunifásítì ń retí. Lọ́jọ́ kan, mo ti ṣọ́ọ̀bù wọlé, mo bá a tó ti sùn, ìka rẹ̀ wà lórí bọ́tìnnì kan, lẹ́tà "j" nìkan ti kún ojú ìwé bíi mẹ́rin. Wọ́n ya ọjọ́ ìkẹ́kọ̀ọ́ sọ́tọ̀ fún un lóòótọ́, ọjọ́ náà gan-an sì ni wọ́n máa ń pè é pé kó wá, ènìyàn ò tó lẹ́nu iṣẹ́. Inú bí mi sí i nígbà náà, ó sì ń bí mi títí dòní, nítorí ọjọ́ yẹn wà nínú àdéhùn.

Ohun kan tún wà tí àwọn òbí kì í bi mí: bí ọmọ bá fi iṣẹ́ sílẹ̀ ní agbedeméjì ńkọ́? Nínú PCDA, okùn kan náà ló so iṣẹ́ àti dìgírì pọ̀. Ọmọ tó bá kúrò lẹ́nu iṣẹ́ lóṣù kejìdínlógún ti kúrò nínú ìkọ́ṣẹ́ nìyẹn, kò sì ní jókòó sí kíláàsì mọ́ bí ẹni pé nǹkan kan ò ṣẹlẹ̀. Ọdún mẹ́ta gbáko náà ni wọ́n tún fi ń dán an wò. Láàárín àkókò yẹn, ọ̀gá àgbà ọlọ́pàá lè ní kó máa lọ bí kò bá kúnjú òṣùwọ̀n. Ọdún méjì ni ìdánwò ti àwọn ọ̀nà yòókù.

PCEP: àbúrò rẹ̀ tó dé ní 2024

Ní oṣù kọkànlá ọdún 2022, Suella Braverman, tó jẹ́ mínísítà ọ̀rọ̀ abẹ́lé nígbà náà, ní kí College of Policing wá ọ̀nà tí kò ní dìgírì nínú. Ohun tó jáde ní oṣù kẹrin 2024 ni PCEP (Police Constable Entry Programme). Ọdún méjì ni, lẹ́nu iṣẹ́ lèèyàn ti ń kọ́ ọ, kò sí dìgírì ní ìparí rẹ̀, kò sì sí àròkọ yunifásítì. Aṣọ kan náà, agbára kan náà, ìbúra kan náà. Ẹni tó gba ibí wọlé lè ṣe ìdánwò sájẹ́ǹtì bí ẹni tó gba PCDA wọlé, kò sẹ́ni tí yóò ní kó mú dìgírì wá.

Èrò mi nìyí, mo sì dúró tì í: fún ẹni tó ní ọmọ nílé, tàbí tó ti lé lọ́gbọ̀n ọdún tó fẹ́ iṣẹ́ yìí gan-an, PCEP ni mo máa fọwọ́ sí. Iṣẹ́ òru pẹ̀lú ọmọ wẹ́wẹ́ ti tó ẹrù, kí èèyàn má gbé yunifásítì lé e. Fún ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe A-level tán, tó fẹ́ràn ìwé, tí kò sì fẹ́ yá owó, PCDA dára púpọ̀. Nínú ọ̀nà mẹ́rin yìí, kò sí ibòmíì tí yóò ti gba owó oṣù fún ọdún mẹ́ta tí yóò sì jáde pẹ̀lú dìgírì láìjẹ gbèsè.

Àwọn méjì tó kù

DHEP (Degree Holder Entry Programme) wà fún ẹni tó ti ní dìgírì nínú ẹ̀kọ́ èyíkéyìí. Ọdún méjì ni, iléeṣẹ́ ọlọ́pàá ló ń sanwó, dípílómà ni wọ́n ń fúnni ní ìparí rẹ̀. Àwọn kan ń gba ibẹ̀ di ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ tààrà. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ gba dìgírì yín ní Ifẹ̀, ní Ìbàdàn tàbí ní Èkó, ibí ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ wò, kì í ṣe PCDA. Ẹ gba lẹ́tà UK ENIC tó ń sọ ohun tí ìwé-ẹ̀rí yín bá dọ́gba níbí. Ẹ tètè gbà á.

Ọ̀nà kẹrin ni kí èèyàn fi owó ara rẹ̀ lọ ka Professional Policing ní yunifásítì kó tó wá iṣẹ́. Ní England, £9,535 ni owó ilé-ẹ̀kọ́ fún ọdún 2025/26. Tí iye yẹn ò bá yí padà, ọdún mẹ́ta rẹ̀ jẹ́ £28,605, owó ilé àti oúnjẹ ò sí níbẹ̀. Lẹ́yìn gbogbo rẹ̀, ó ṣì máa tò bíi ti gbogbo ènìyàn, wọ́n sì lè má gbà á. Bí ọdún márùn-ún bá kọjá tí kò tíì wọṣẹ́, dìgírì yẹn ò ní ṣílẹ̀kùn yìí fún un mọ́. N ò lè gba ọmọ tèmi níyànjú pé kó gba ibẹ̀.

Ti owó oṣù, ẹ má jẹ́ kó dà yín láàmú, ìpele owó kan náà ni wọ́n ń gbà. Ní oṣù kẹsàn-án 2024, £29,907 ni kọ́ńsítébù fi ń bẹ̀rẹ̀ nígbà náà, tó ń gòkè lọ́dọọdún títí dé £48,231. Wọ́n ti fi kún un láti ìgbà náà, àwọn tó wà ní London sì ń gba àjẹmọ́nú lórí rẹ̀. Iléeṣẹ́ ọlọ́pàá mẹ́tàlélógójì ló wà ní England àti Wales, kì í sì í ṣe gbogbo wọn ló ṣí gbogbo ilẹ̀kùn yìí. Ẹ wo ti àdúgbò yín.

Ohun tó ń dá àwọn ènìyàn wa padà

Igi gogoro má gùn mí lójú, òkèèrè la ti ń wò ó. Ọ̀nà yòówù tẹ́ ẹ gbà, ìwádìí ìgbé ayé ẹni ló ń dá ọ̀pọ̀ wa padà, kì í ṣe ìwé. Ẹni tó bá ti pé ọdún méjìdínlógún, tó ní pépà ìgbélùú tí kò ní gbèdéke, lè di ọlọ́pàá bí kò tilẹ̀ jẹ́ ọmọ ìlú Britain. Wọ́n sábà ń fẹ́ kó ti gbé ìlú yìí fún ọdún mẹ́ta léra.

Lẹ́yìn náà ni wọn yóò wo ilé rẹ. Ọkọ tàbí ìyàwó, àwọn ọmọ ìyá, àti gbogbo ẹni tó ń sùn lábẹ́ òrùlé rẹ. Bọ̀dá tó gba yàrá ẹ̀yìn nítorí pé ará ìlú kan náà ni yín, orúkọ rẹ̀ á wọ fọ́ọ̀mù. Kọ ọ́ síbẹ̀. Ẹni tó fi nǹkan pamọ́ ló ń kàbùkù jù, nítorí òtítọ́ ni wọ́n ń wá. Gbèsè tó ò ń san déédéé kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀, àmọ́ ìdájọ́ kóòtù lórí gbèsè tí o kò tíì san lè ti ilẹ̀kùn. Bó o bá jẹ́ ẹni tó ń gba owó àjọ ìjọ tàbí ẹgbẹ́, tí owó olówó ń gba àkáǹtì rẹ kọjá lóṣooṣù, kọ àlàyé rẹ̀ sílẹ̀ kí wọ́n tó béèrè. Jọ̀lọ́ọ̀fù tó ò ń sè tà lópin ọ̀sẹ̀ náà, o gbọ́dọ̀ gba àṣẹ kó o tó máa bá a lọ.

Eré ìje tí wọ́n fi ń wo bí ara ẹni ṣe le sí rọrùn ju bí àwọn ènìyàn ṣe ń bẹ̀rù rẹ̀ lọ: mítà mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lálọ lábọ̀, títí dé ìpele 5.4, kò tó ìṣẹ́jú mẹ́rin.

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi parí tirẹ̀, ó gba dìgírì, ó ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́. Àbúrò rẹ̀ obìnrin, tó gba dìgírì ní Ìlọrin tó sì ti bímọ méjì, bi í pé èwo ni kí òun gbà. Mo rò pé DHEP ni yóò sọ. Ó ní: "Àbúrò mi, PCEP ni o. O ti ní dìgírì, ọmọ ni kó o fi àkókò tó kù tọ́." Àbúrò náà ti fi fọ́ọ̀mù sílẹ̀ báyìí, èsì ìwádìí ló ń dúró dè. Lálẹ́, tí àwọn ọmọ bá ti sùn, á fi téèpù wọn mítà mẹ́ẹ̀ẹ́dógún sí ẹ̀yìnkùlé, á máa sáré lọ, á máa sáré bọ̀.