Oṣù 8 pẹ̀lú àwọn olùtọ́jú tó ń wá bá àbúrò mi nílé

Orí ni àbúrò mi ọkùnrin fi gbolẹ̀ nínú ìjàm̀bá ọkọ̀. Lọ́jọ́ tí a gbé e dé ilé ìwòsàn, wọ́n fi òṣùwọ̀n Glasgow wo bó ṣe ń lajú, bó ṣe ń dáhùn àti bó ṣe ń mira: 6 ló gbà nínú 15. Ẹni tó bá ti gba 8 wálẹ̀, ọpọlọ rẹ̀ fara pa gidi nìyẹn. Ọlọ́run bá wa ṣe é, ó jí, ó sì dá wa mọ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n ní ká máa gbé e lọ sílé, ọwọ́ ọ̀tún ti rọ, ọ̀rọ̀ ń há sí i lọ́fun, ohun tó ṣẹlẹ̀ láàárọ̀ kì í sí lórí rẹ̀ mọ́ tó bá di ìrọ̀lẹ́. Ìyẹn la fi gba àwọn olùtọ́jú tó ń wá sílé: onífísíò tó ń kọ́ ara ní mímira àti rírìn padà, olùkọ́ ọ̀rọ̀ sísọ, àti ẹni tó ń kọ́ni ní wíwọṣọ àti ìwẹ̀ padà.

Olùkọ́ ọ̀rọ̀ sísọ yẹn, ẹnu mi ò lè ròyìn rẹ̀ tán. Lọ́jọ́ kejì tó wá, ó gbé ìrọ̀rí sókè, ó bi àbúrò mi pé kí ni nǹkan náà ń jẹ́. Kó tó lanu, èmi ti dáhùn. Obìnrin náà rọra yíjú sí mi: “Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ máa ka ení, èjì nínú ọkàn yín títí dé 10 kí ẹ tó bá a sọ ọ́.” Mo ń kà á, mo ń wo ètè rẹ̀ tó ń gbọ̀n, ọwọ́ òsì rẹ̀ ń fún aṣọ ibùsùn. Mo dé 9. Ó ní, “Ì… ìrọ̀rí.” Ẹkún gbọ̀n mí. Ọ̀sẹ̀ mélòó ni mo ti fi ń gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu rẹ̀, tí mo rò pé mò ń ràn án lọ́wọ́!

Ẹni tó ń kọ́ ọ ní wíwọṣọ ní tiẹ̀ ní ká má jẹ́ kó méfò rárá. Ọwọ́ tó rọ ni kó kọ́kọ́ ki bọ ẹ̀wù, ká fi hàn án kó tó ṣì í ṣe, torí àṣìṣe lè lẹ̀ mọ́ ẹni tí ìrántí rẹ̀ kò dúró. Ó wá dà bíi pé àwọn méjèèjì ń tako ara wọn. Èmi ni mo béèrè kí wọ́n tó là á yé mi pé ọ̀rọ̀ tó ti mọ̀ tẹ́lẹ̀ la ń dúró kó wá jáde, ohun tó ń kọ́ ní tuntun la kì í jẹ́ kó méfò sí. Ó yẹ kí wọ́n ti sọ èyí lọ́jọ́ kìíní.

Ohun tó dùn mí jù ni pé ẹnikẹ́ni ò kìlọ̀ fún wa nípa ìwà. Á jókòó láti àárọ̀, kò ní dìde àfi tí a bá ní kó dìde; ẹ bá a wí, á fara ya. Màmá wa pè é ní ọ̀lẹ títí wọ́n fi sọ fún wa, lóṣù karùn-ún, pé apá iwájú ọpọlọ tó ń mú èèyàn dáwọ́ lé nǹkan ló fara pa. Màmá sunkún lọ́jọ́ náà.

Ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n pààrọ̀ onífísíò láìsọ fún wa. Ojú tuntun kì í ṣe nǹkan kékeré fún ẹni tí kò rántí ti àná. Wákàtí kan gbáko tí wọ́n ń lò náà ń tán an lókun, àfìgbà tí mo ní kí wọ́n pín in sí méjì.

Síbẹ̀, ó ti ń fọwọ́ méjèèjì de bọ́tìnì, ó ń fi ọ̀pá rìn, ó sì ń fọwọ́ òsì kọ orúkọ ẹni tó wá kí i sínú ìwé tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn. A máa gbà wọ́n fún oṣù 4 sí i. Mo ti kọ tèmi sínú àdéhùn: onífísíò kan ṣoṣo, kí wọ́n sì máa jókòó ti màmá wa lẹ́yìn ìtọ́jú kọ̀ọ̀kan.